Kí ló dé tí ẹja fi ń yọ ẹnu sókè lójú omi?

Àwòrán epìyà tó ń la ẹnu lójú omi ń káàkiri lórí WhatsApp ní Ìlọrin. Wọ́n ní odò Asà ni, lápá Àmìlẹ́gbẹ́. Àwọn kan ní májèlé ni, àwọn kan ní àǹjọ̀nnú.

Ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹja ni?

Rárá o. Èémí ló ń wá.

Ṣebí inú omi náà ló ti ń mí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun pupa tó rí bí òòyà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló fi ń fa ọ́síjìn inú omi. Ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ìdọ̀tí tí a bá dà sódò, kòkòrò tíntìntín ló ń jẹ ẹ́, àwọn náà sì ń mí. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á mí ti ẹja mọ́ tiwọn. Mílígíráàmù 5 ọ́síjìn nínú lítà omi kan tó ọ̀pọ̀ ẹja; bó bá wálẹ̀ sí bíi 2, ẹnu lẹ ó máa rí lójú omi.

Nǹkan kan kò ṣe àrọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣé ó lóògùn ni?

Ẹ̀yà ara kan wà lórí àrọ̀ tó lè fi mí afẹ́fẹ́ tiwa yìí. Òun ló jẹ́ kí ìyá ẹlẹ́ja lè gbé e sínú ọpọ́n olómi díẹ̀ látàárọ̀ tí kò sì kú. Nítorí náà, bí epìyà bá ń kú tí àrọ̀ ń gbádùn, ẹ kọ́kọ́ fura pé èémí ló wọ́n. Bí àrọ̀ náà bá ń kú, tí ẹja kéékèèké ṣáájú ńlá, tí wọ́n ń pòòyì bí òkòtó, ẹ fura sí oògùn apakòkòrò.

Bí ohun pupa náà bá dúdú bíi kòkó ńkọ́?

Nitrite, oró kan tó máa ń wá láti inú ìdọ̀tí tó ń jẹrà nínú omi, lè ti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹja tó ti pẹ́ lórí àtẹ náà a máa rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì bá ẹlẹ́ja jà.

Ẹja tí ara rẹ̀ ń dán, ṣé ó mọ́ nìyẹn?

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Òjé àti mẹ́kúrì, àwọn irin olóró, kì í hàn lára ẹja. Ó lè sanra, kó máa wẹ̀ kiri. Sísè kì í lé wọn jáde, yíyan kì í lé wọn, ata rodo kò sì mọ̀ wọ́n rí.

Ṣé ká má jẹ ẹja odò mọ́ ni?

Èyí tí ẹ bá bá ní òkú lójú omi, ẹ má mú un, bó ti wù kó tutù tó. Ọ̀fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ajá mi ti jẹ ọ̀kan.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ mú ẹja tó kù dání nínú ọ̀rá.