Ará Abẹ́òkúta ti ń béèrè láti dá sí ìṣúná tipẹ́

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan bí ará ìlú ṣe ń dá sí ètò ìṣúná, Porto Alegre lórílẹ̀-èdè Brazil ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, torí ètò tí ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989. Ìtàn Brazil nìyẹn. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti béèrè irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní ogójì ọdún ó lé ṣáájú rẹ̀.

Láyé ìjọba Ẹ̀gbá fúnra wọn, ìlú kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di Abẹ́òkúta ló ní Ògbóni tirẹ̀ àti Pàràkòyí tirẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà. Kò sí ẹnu kan ṣoṣo tó lè pàṣẹ fún gbogbo wọn. Lọ́dún 1865 ni wọ́n dá Egba United Board of Management, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìṣàkóso gbogbo Ẹ̀gbá, sílẹ̀, G. W. Johnson sì jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí gba owó ibodè lórí ọjà tó ń jáde. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti ṣẹ̀: ẹni tó sanwó á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe. Àwọn Pàràkòyí mọ oníṣòwò, wọ́n mọ ẹrù. Ó ṣòro láti gbà pé wọ́n á panu mọ́ lórí bí ìgbìmọ̀ náà ṣe ń ná owó yìí, ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn.

Òyìnbó gbàjọba lọ́wọ́ Ẹ̀gbá lọ́dún 1914. Owó orí dé lọ́dún 1918, Ogun Àdùbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sí ìjọba òyìnbó, bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Wọ́n ń gba owó orí obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, ọmọkùnrin di ọdún 16. Lọ́dún 1947, Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀, kó àwọn obìnrin jáde lọ sí ààfin. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń sáré kọjá ni ohun tí wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n yọ owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, kí iléeṣẹ́ òyìnbó máa san owó orí, kí wọ́n náwó sórí ètò ẹ̀kọ́, ìmọ́tótó àti ìrìnnà, kí obìnrin sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣèpinnu. Ibi tí owó ti ń wá, ibi tó ń lọ àti ẹni tó ń pín in: ìṣúná gan-an nìyẹn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949.

Àwọn kan ní ètò SFTAS ti Báńkì Àgbáyé, tó ń fún ìjọba ìpínlẹ̀ lówó kí wọ́n lè máa ṣe ìṣúná ní gbangba, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018 pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là, ló kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ láti pe ará ìlú. Owó ló fi rọ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀.

Lónìí, abala 121 nínú òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ní kí gómìnà gbé ìṣúná síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ọdún tuntun tó wọlé. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ti máa ń kọ tirẹ̀ ṣáájú, ìpàdé ìta gbangba ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sábà máa ń ṣáájú. Ẹ mú àbá yín lọ ní kíkọ, ojú ìwé kan tó: orúkọ àdúgbò, wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́, iléeṣẹ́ tó kàn. Ẹni tó béèrè títì ìjọba àpapọ̀ ní ìpàdé ìpínlẹ̀ ti fi ànfààní rẹ̀ ṣòfò.

Bí ìṣúná bá jáde, ẹ wo nọ́ńbà ètò ọrọ̀ ajé (economic code) tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ irú ìnáwó tó jẹ́. Èyí tó fi 21 bẹ̀rẹ̀, owó oṣù ni. 22, owó tí ọ́fíìsì fi ń ṣiṣẹ́. 23 ni iṣẹ́ àkànṣe, bíi títì, ilé ìwé àti omi. Ọ̀pọ̀ ló ń rí owó ńlá lábẹ́ 22 tí wọ́n ń rò pé ilé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ kọ́. Bí ìlà 23 kò bá sì dárúkọ ìlú yín, tó kàn ní káàkiri ìpínlẹ̀, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín kí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí i kí ilé tó buwọ́ lù ú.

Bí ẹ bá kọ̀wé béèrè ìwé ìṣúná lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n.