Ulli àti Georgina Beier

Ulli Beier (1922–2011) àti ìyàwó rẹ̀, Georgina (1938–2021), ni tọkọtaya tí ẹnikẹ́ni tó bá ń pìtàn iṣẹ́ ọnà Òṣogbo kò lè fò dá. Òǹkọ̀wé àti olóòtú ìwé ni Ulli, ayàwòrán ni Georgina. Wọ́n gbé ní Nàìjíríà, Papua New Guinea, Jámánì àti Ọsirélíà, ibi tí wọ́n bá sì fìdí kalẹ̀ sí kì í pẹ́ di ibi tí àwọn akéwì, òṣèré àti ayàwòrán ń yà sí.

Bí wọ́n ṣe dé Òṣogbo

Glowitz ni wọ́n ti bí Ulli. Jámánì ló ni ìlú náà nígbà yẹn, Poland ló ni ín báyìí. Júù ni bàbá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹbí náà fi sá lọ sí Palẹsítínì nígbà tí ìjọba Hitler gorí àlééfà. Ní 1950, Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, gbà á láti máa kọ́ni ní ìmọ̀ ìró èdè. Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìlú. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Àlejò ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di onílé: ní Ẹdẹ, Tìmì Láoyè, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, wà lára àwọn tó fi ọ̀nà àṣà Yorùbá hàn án.

Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ Austria, ni ìyàwó rẹ̀ nígbà tó dé. Nígbà tí wọ́n pínyà, Susanne dúró sí Òṣogbo, ó di Àdùnní Olórìṣà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 2009. London ni wọ́n ti bí Georgina. Ó wá sí Zaria ní 1959, ó sì kó wá sí Òṣogbo ní 1963.

Mbari Mbayo

Ulli ti dá ìwé àtìgbàdégbà *Black Orpheus* sílẹ̀ ní 1957. Ní 1961, òun pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn mìíràn dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari, orúkọ ilé tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì ń kó ère kún fún òrìṣà ilẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládípọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ní kí wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì yọ̀ǹda ilé tó ti ń ta ọtí. Etí Yorùbá kò gbọ́ Ìgbò nínú orúkọ náà rárá: “M bá rí, m bá yọ̀” ni wọ́n gbọ́, ló bá di Mbari Mbayo. Ibẹ̀ ni Ládípọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe eré *Ọba Kò So* ní 1963, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Berlin ní 1964.

Ní 1964 ni Georgina ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà tó sọ ibẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, ti ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá jẹ́ òṣèré Ládípọ̀, bíi Rufus Ògúndélé àti Múráínà Oyèlámì. Jímọ̀ Búráímọ̀ ló ń bójú tó iná mànàmáná ẹgbẹ́ náà. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, kò tilẹ̀ gbé ní Òṣogbo. Ó ń jó kiri pẹ̀lú ẹnìkan tó ń polówó oògùn ni, ó sì yà síbi òde ijó kan ní Mbari Mbayo. Ijó rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ gba ojú Ulli, ló bá ní kó má lọ mọ́. Ẹni tó wá jó ló wá di ẹni tí wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Georgina kì í yàwòrán fún wọn wò kí wọ́n fara wé e. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti pátákó ló ń kó sílẹ̀, á wá máa wo ohun tí ọwọ́ kálukú ń fà sí. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì gbà lọ: Búráímọ̀ ń to ìlẹ̀kẹ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, Twins Seven-Seven mú gègé, ó ń fa ìlà tín-ín-rín tí kò lópin. Àwọn tí iṣẹ́ wọ̀ lára kò kúrò nílé Georgina lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà.

Àríwísí

Àwọn ayàwòrán tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní yunifásítì kò fara mọ́ iṣẹ́ Òṣogbo yìí tán. Wọ́n ní oníbàárà òyìnbó ni ọjà náà wà fún. Ẹ̀sùn mìíràn kan Ulli nìkan: ó kọ eré sórí orúkọ Ọ̀bọ̀túndé Ìjímèrè, àwọn òǹkàwé sì gbà pé Yorùbá ni. Èyí kejì yìí ló ṣòro jù láti gbèjà.

Lẹ́yìn Òṣogbo

Wọ́n kúrò ní Nàìjíríà ní ìparí 1966, nígbà tí rògbòdìyàn ìṣèlú le, wọ́n sì gba Papua New Guinea lọ. Ní Port Moresby, olú ìlú ibẹ̀, Georgina tún fún àwọn tí kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà rí ní irinṣẹ́, Akis àti Mathias Kauage sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Láàárín 1971 sí 1974 wọ́n padà wá sí Ifẹ̀, níbi tí Ulli ti darí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní yunifásítì, kí wọ́n tó tún padà sí Papua New Guinea. Ní 1981, Ulli dá ilé kan sílẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì, ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá, “ìwà lẹwà”, pẹ̀lú “haus”, tó túmọ̀ sí ilé ní èdè Jámánì, sọ ọ́ ní Iwalewahaus. Àfihàn ń wáyé níbẹ̀, àwọn ayàwòrán àti olórin láti òkèèrè sì ń wá gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Oyèlámì wà lára wọn.

Sydney ni wọ́n ti lo ọjọ́ alẹ́ wọn. Ulli kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2011. Túnjí, ọ̀kan nínú ọmọkùnrin méjèèjì tí wọ́n bí, di onílù. Àwọn fọ́tò àti ìwé Ulli ti padà sí Òṣogbo, wọ́n wà ní ibùdó àṣà adúláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní CBCIU (Centre for Black Culture and International Understanding).