Òjé: bí èéfín kọ́ńpìnnì ṣe ń dénú eegun ọmọ

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan tí wọ́n ń pè ní pọlúṣọ̀n yìí, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé èéfín tó ń rùn àti gọ́tà tó dọ̀tí ni, tí òórùn yẹn bá ti lọ ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán o. Pọlúṣọ̀n ni pé ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, omi tí à ń mu àti ilẹ̀ tí à ń gbin nǹkan sí, débi tó fi ń pa wá lára. Òjé, irin rírọ̀ tí òyìnbó ń pè ní lead, ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, òjé kan náà tí àwọn ọlọ́bàtálá ń wọ̀ sọ́wọ́, torí òun ló wà lẹ́bàá ilé wa ní Rẹ́mọ níbí.

Bátìrì mọ́tò àti ọ̀pọ̀ ti ínfátà, òjé ló jẹ́ kó wúwo bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ju ìdajì ìwúwo ẹ̀ lọ. Tó bá ti kú, àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ, Ògíjo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Yíyọ́ ẹ̀ gan-an ò burú, ó sàn ju ká máa wa òjé tuntun nílẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wàhálà: wọ́n á fi àáké la bátìrì, ásíìdì inú ẹ̀ á dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òjò á wọ́ ọ lọ sódò, wọ́n á wá da òjé sínú ìléru, tí kò bá sì sí fílítà gidi lẹ́nu páìpù, eruku òjé tó kéré débi pé ojú ò rí i á bá èéfín gòkè.

Ohun tó gòkè á sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí mi kan tó ń gbé lápá ibẹ̀ máa ń nu ojú fèrèsé láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ eruku dúdú ti tún bò ó. Eruku yẹn náà ló wà lórí páànù, òjò rọ̀, ó ṣàn wọ dírọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbe omi, ó wọ ilẹ̀, ó bà sórí ẹ̀fọ́ àti obì tí wọ́n sá. Òjé ò sì ń jẹrà, iná ò lè jó o tán, òkè ilẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré ló máa wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ yẹn fọwọ́ kan ilẹ̀, ó tún fọwọ́ kan náà mu gàárì.

Ara wa máa ń ṣi òjé mú fún kásíọ̀mù tó ń mú eegun le, ó bá kó o pamọ́ sínú eegun, ó lè wà níbẹ̀ ju ọdún 20 lọ. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni ọmọ yẹn, tó wá dàgbà tó lóyún, tí eegun ẹ̀ ń yọ kásíọ̀mù fún ọmọ inú ẹ̀, òjé á bá a jáde, ẹni tí wọn ò tíì bí ti gba tiẹ̀. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, ọmọ lè má ṣàìsàn kankan tí a máa rí, kó kàn má lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ní skúùlù, kí wọ́n máa pè é ní olódo. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé tí ò léwu, àti pé ọmọdé lè gbà tó ìlọ́po 4 sí 5 èyí tí àgbàlagbà ń gbà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù nínú òkúta tó ní òjé, òjé pa ọmọdé tó ju 400 lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku nígbà tó gbẹ, ẹ fi omi nù ún. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wọlé gbé ọmọ. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, ẹ má jẹ́ kébi máa pa á, torí inú tó ṣófo máa ń gba òjé ju tẹni tó yó lọ. Ẹ ní kí dọ́kítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún òjé ní pàtó. Omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń sè é kí wọ́n tó mu ún, kòkòrò á kú lóòótọ́, àmọ́ òjé ò ní kúrò, bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná lòjé tó kù nínú ẹ̀ á máa ki sí i.