Bí tíì ṣe di ti gbogbo ará Íńdíà

Ẹni tó bá rí bí tíì ṣe gba ìgboro Íńdíà lónìí yóò rò pé bí wọ́n ṣe ṣẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò onítíì. Àlejò kì í wọlé kí wọ́n má gbé tíì fún un. Awakọ̀, lọ́yà, akẹ́kọ̀ọ́ àti alágbàṣe ló ń pàdé ara wọn nídìí ìsọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n àṣà yìí kò tíì pẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí ní Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1900 ló dàgbà láìfi tíì kan ẹnu. Òyìnbó ló dá oko tíì, òyìnbó náà ló náwó gọbọi láti polówó rẹ̀, àmọ́ tíì tí Íńdíà ń mu lónìí, àwọn mẹ̀kúnnù tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà ló sè é di ohun tó dà, wọ́n sì sè é lọ́nà tí àwọn olóko kò fẹ́.

Igi tíì fúnra rẹ̀ ti wà nínú igbó Assam, ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Singpho ló mọ̀ ọ́n lò. Wọn a já ewé rẹ̀, wọn a yan án nínú agbada, wọn a sá a sóòrùn, wọn a kì í mọ́ inú ọparun, wọn a sì gbé ọparun náà kọ́ sókè iná àdáná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mu ún, wọn a gé díẹ̀ níbẹ̀ sínú omi gbígbóná. Ní ọdún 1823, oníṣòwò ará Scotland kan tó ń jẹ́ Robert Bruce dé Assam. Ọmọ ilẹ̀ náà kan, Maniram Dewan, ló júwe àwọn Singpho fún un, ó sì bá Bessa Gam tó jẹ́ olóyè wọn sọ̀rọ̀. Bruce kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Charles àbúrò rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi náà kú pẹ̀lú rẹ̀.

Fún ọdún mẹ́wàá, àwọn aláṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ṣáínà ni East India Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà, ti ń ra tíì, wọ́n sì ń rí towó ṣe nídìí rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ pé àwọn nìkan ló lè bá Ṣáínà ṣòwò kúrò lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1833 ni ojú wọn tó là. Ní 1834, Gómìnà Àgbà William Bentinck gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí tíì gbígbìn, kí ọdún náà sì tó parí ni ìgbìmọ̀ yìí ti kéde pé ojúlówó igi tíì ló ń hù ní Assam. Ní 1838 wọ́n fi àpótí tíì Assam 12 ránṣẹ́ sí London, wọ́n sì lu ú ní gbàǹjo ní oṣù kìíní ọdún 1839. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Assam Company sílẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ oko? Àwọn ará Assam ní ilẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń dáko sí, wọn ò sì fẹ́ iṣẹ́ olówó kékeré. Làwọn olóko bá rán alárinà lọ sí agbègbè Chota Nagpur ní ìlà-oòrùn Íńdíà, níbi tí ìyàn àti gbèsè ti ń lé àwọn ènìyàn kúrò nílé. Wọ́n ń mú wọn tọwọ́ bọ ìwé tí wọn ò lè kà, wọ́n sì ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Assam. Àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ wọn lọ́nà. Ẹni tó débẹ̀ kò lè padà sẹ́yìn, nítorí òfin ọdún 1859 sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n fún òṣìṣẹ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé. Ojú wọn rí màbo. Maniram Dewan tó júwe ọ̀nà fún òyìnbó náà kò mórí bọ́. Ó dá oko tíì tirẹ̀, òun sì ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án nígbà rògbòdìyàn ọdún 1857 tí àwọn ará Íńdíà dìde sí òyìnbó, wọ́n sì yẹgi fún un ní oṣù kejì ọdún 1858. Ó máa ń dùn mí pé àwọn tó ń pa ìtàn tíì sábà máa ń fò ó.

Ní gbogbo àkókò yìí, tíì kì í ṣe ohun tí ará Íńdíà ń mu nílé. Lóòótọ́, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Ovington, tó gbéra ìrìn àjò lọ sí èbúté Surat ní ọdún 1689 kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ ń mu tíì pẹ̀lú èròjà olóòórùn dídùn fún orí fífọ́ àti inú rírun. Àgbo ni wọ́n fi ṣe, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tíì Assam àti ti Darjeeling, òkè òkun ló ń lọ.

Ìgbà tí oko pọ̀ jù, tí ọjà sì ń wólẹ̀, ni àwọn olóko rántí pé àìmọye ènìyàn wà lẹ́yìnkùlé wọn tí kì í mu ún. Òfin ọdún 1903 fi owó orí lé gbogbo tíì tó bá ń jáde lọ sókè òkun, wọ́n sì ń fi owó náà polówó. Níkẹyìn, ìpolówó yìí dé Íńdíà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń bu tíì fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ọjà. Wọ́n ń ta ewé rẹ̀ ní páálí kékeré tí tálákà lè rà. Wọ́n rán àwọn obìnrin lọ sínú ilé àwọn ẹlẹ́hàá láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sè é. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ibi ìwakùsà máa fún òṣìṣẹ́ láyè láti mu tíì, kí agbára wọn lè sọjí. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n kan pátákó mọ́ ògiri, wọ́n kọ bí a ṣe ń se tíì sí i ní onírúurú èdè: kí omi kọ́kọ́ hó, kí ewé pọ̀ dáadáa, kí wọ́n sì bu mílíìkì díẹ̀ sí i nígbẹ̀yìn.

Àwọn tó ń tà á ní ibùdókọ̀ kò tẹ̀ lé e. Ewé tíì ló wọ́n jù nínú ohun tí wọ́n ń rà. Nítorí náà wọ́n dín ewé kù, wọ́n fi mílíìkì àti ṣúgà kún un, wọ́n fi atalẹ̀ àti èso elaichi (cardamom) olóòórùn dídùn fún un ní agbára tí ewé díẹ̀ kò lè fún un, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo. Àwọn ẹgbẹ́ olóko bínú, wọ́n ní àwọn èèyàn yìí ń ba tíì jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti mọ èyí tó dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Lójú tèmi, àárín pèpéle ọkọ̀ ojú irin yìí ni wọ́n ti bí tíì Íńdíà.

Àwọn tó ń jà fún òmìnira kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ o. Prafulla Chandra Ray, àgbà onímọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ Bengal, ta ko ó gidigidi. Gandhi náà kọ̀wé pé tannin, èròjà kíkorò inú rẹ̀, kò dára fún ara. Nínú ọkàn wọn, ohun tí òyìnbó fi ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ gbìn kò yẹ kó jẹ́ ohun tí ọmọ Íńdíà ń náwó lé lórí.

Ẹ̀rọ ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ní nǹkan bí ọdún 1930, ní oko Amgoorie ní Assam, William McKercher ṣe ẹ̀rọ tó ń fọ́ ewé, tó ń ya á, tó sì ń ká a di hóró wínníwínní. CTC ni wọ́n ń pè é, ìkékúrú crush, tear, curl. Tíì hóró yìí kì í pẹ́ kó tó pọ́n, ó le, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ló sì ń ṣe ife púpọ̀. Ó bá ìkòkò onítíì ẹ̀bá ọ̀nà mu wẹ́kú. Lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀rọ náà tàn káàkiri oko, tíì sì dínwó débi tí alágbàṣe fi lè mu ún lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbà tí ètò mílíìkì ńlá tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1970 sì mú kí mílíìkì pọ̀ nílùú, kò sí ohun tó tún lè dá a dúró.

Ẹ wo bí onítíì ṣe ń ṣe é. Ó fi òkúta tẹ atalẹ̀ fọ́, ó jù ú sínú omi. Bí omi bá ti ń hó, ó da tíì hóró sí i, omi á pọ́n lọ́gán, ó wá da ṣúgà àti mílíìkì lé e. Tíì á ru sókè bí ẹni fẹ́ dànù, á gbé ìkòkò kúrò lórí iná, á tún gbé e padà. Ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì gbé ife sókè, ó ń dà á láti òkè wá sílẹ̀ kó lè yọ ìfófòó, bí àwọn Hausa onítíì àti búrẹ́dì ṣe ń ṣe é nílé wa. Ife náà kéré. Ní Mumbai, ìdajì gíláàsì ni wọ́n ń tà, cutting ni wọ́n ń pè é, kí owó má baà wọ́n, kí ó sì gbóná títí tí ẹni tó ń mu ún yóò fi mu ún tán. Ní Kolkata, ife amọ̀ ni. Tí o bá mu ún tán, o fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Kashmir ń fi iyọ̀ sí tiwọn, ó sì máa ń pọ́n bí òdòdó róòsì.

Ife amọ̀ yẹn kì í ṣe ẹwà nìkan. Lábẹ́ òfin ìran ilẹ̀ Íńdíà, tó pín àwọn ènìyàn sí ipò gíga àti ipò rírẹlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ọ̀pọ̀ kò lè fi ẹnu kan ife tí ẹlòmíràn ti lò, nítorí náà ife tí wọ́n ń fọ́ gba gbogbo wọn. Láyé òyìnbó, ní ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n ń kígbe tíì Híńdù lọ́tọ̀, tíì Mùsùlùmí lọ́tọ̀. Ní àwọn abúlé gúúsù, ìsọ̀ onítíì máa ń ní gíláàsì méjì: ọ̀kan fún àwọn Dalit tí wọ́n kà sí aláìmọ́, èkejì fún ìyókù. Òfin ti fòfin de é, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí i níbi kan. Ohun mímu tí wọ́n ń sọ pé ó so gbogbo ènìyàn pọ̀ ló ń fi ògiri tó wà láàárín wọn hàn.

Ìsọ̀ onítíì ti di ibi òṣèlú pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, olóṣèlú kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Congress, Mani Shankar Aiyar, fi Narendra Modi, tó ń du ipò olórí ìjọba lábẹ́ ẹgbẹ́ alátakò, ṣẹ̀sín pé kò lè di olórí ìjọba, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́, kó wá máa pín tíì níbi ìpàdé wọn. Modi, tó máa ń sọ pé òun ta tíì ní kékeré ní ibùdókọ̀ Vadnagar, di ọ̀rọ̀ náà mú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ìpàdé ìbò sí ìsọ̀ onítíì káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì wọlé.

Lónìí Íńdíà ń pèsè tíì tó lé ní bílíọ̀nù kan kílógíráàmù lọ́dún, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni wọ́n sì ń mu nílé. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá láti Chota Nagpur ṣì ń já ewé rẹ̀ ní Assam, owó iṣẹ́ wọn ṣì kéré, wọ́n sì ti ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí ìjọba ka àwọn mọ́ ẹ̀yà tó yẹ kó rí ìrànlọ́wọ́ òfin gbà. Nínú oko, tíì tí wọ́n ń gbé wá fún wọn nígbà ìsinmi kì í ní mílíìkì. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i, nítorí òógùn tó ń jáde lára wọn, àwọn oníṣègùn sì ti ń sọ pé iyọ̀ yẹn wà lára ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru tó pọ̀ láàárín wọn.