Bí Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí Ṣe Ń Ṣọ́ Obìnrin Láti Inú Oyún Dé Ẹ̀yìn Ìbímọ

Ọjọ́ tí aláboyún bá kọ́kọ́ lọ gba káàdì ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí lórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó jẹ́ ẹ̀ka ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbà wọ́n níyànjú pé kí aláboyún wá ní ìgbà 8, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Orin àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ klíníìkì, lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yóò pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, tí yóò sì yẹ ìtọ̀ wọn wò. A kì í ya méjèèjì yìí nípa, nítorí pé bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí ìfúnpá dé 140/90, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀, gìrì aláboyún lè wà lọ́nà, bí ara obìnrin náà tilẹ̀ le koko lójú tirẹ̀.

Nígbà ìrọbí, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní partograph, tí nọ́ọ̀sì fi ń sàmì sí bí nǹkan ṣe ń lọ. Láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5 títí yóò fi dé 10, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn ni yóò máa tẹ́tí sí ìlùkìkì ọkàn ọmọ, tí kò yẹ kí ó dín sí 110 tàbí kí ó ju 160 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àyẹ̀wò abẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí 4 ti tó. Àṣejù rẹ̀ a máa kó àrùn wọlé. Bí ìwé náà bá fi hàn pé ìrọbí ń falẹ̀, a ó pe dókítà, tàbí kí a tètè gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù.

Bí ọmọ bá ti ké, ará ilé yóò máa kí ara wọn kú ewu ọmọ, ṣùgbọ́n lójú nọ́ọ̀sì ewu náà kò tíì kọjá. Ibi tí olóbì, ìyẹn ibi ọmọ, ti tú kúrò lára ilé ọmọ jẹ́ ojú ọgbẹ́ tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ya ẹnu sílẹ̀ sí, kí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ súnkì ni ó sì ń pa wọ́n lẹ́nu dé. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì, bí ó bá ti rí i pé kò sí ọmọ kejì nínú, fi ń gún ìyá ní abẹ́rẹ́ oxytocin, tí ń mú ilé ọmọ súnkì, yúnìtì 10 sí itan láàárín ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ ooru: inú fíríìjì tí ó tutù tó ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́líṣíọ̀sì ni ibùgbé rẹ̀, nítorí náà ilé ìwòsàn tí iná kì í dúró níbẹ̀ ní láti wá ọgbọ́n dá, torí èyí tó ti gbóná lè má ṣiṣẹ́ mọ́, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀.

Nígbà tí olóbì bá jáde, nọ́ọ̀sì yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò yẹ ojú rẹ̀ méjèèjì wò bóyá ó pé, nítorí ègé kékeré tó bá ṣẹ́kù sínú lè fa ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí 2 àkọ́kọ́, yóò máa fi ọwọ́ tẹ agbègbè ìdodo ìyá léraléra. Bí ilé ọmọ bá le bí ọsàn àìpọ́n, ó dára; bí ó bá rọ̀, yóò fi ọwọ́ ra á, yóò sì bi í bóyá ó ti tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé mìlílítà 500, wàhálà ti dé nìyẹn. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ wà ní àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, ó sì yẹ kí ó ti mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá àgbà kan ṣì ń fún dànù gan-an ni ọmọ nílò, mímu rẹ̀ sì tún ń ran ilé ọmọ lọ́wọ́ láti súnkì.

Ó yẹ kí ìyá lo wákàtí 24, ó kéré tán, kí ó tó lọ sílé, kí a sì tún yẹ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Gìrì lè mú obìnrin lẹ́yìn tó ti bímọ pàápàá. Orí fífọ́ tí kò lọ, tí ojú sì ń ṣú, èyí tí ará ilé sábà máa ń kà sí àìsùn nítorí ọmọ, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì.