Ìwé ìhágún: bí wọ́n ṣe jókòó nígbà tí wọ́n ń buwọ́ lù ú

Èèyàn lè pín ilé, ilẹ̀ àti owó rẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ìwé ìhágún rẹ̀ sì di bébà lásán nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń buwọ́ lù ú.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1837 ni gbòǹgbò òfin wíìlì, ìyẹn ìwé ìhágún, tí wọ́n ń lò l'Ékòó. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kí orí rẹ̀ sì pé: kó mọ̀ pé ogún lòun ń pín, kó mọ ohun tóun ní, kó sì mọ àwọn tó yẹ kóun rántí. Ọjọ́ ogbó nìkan kò sọ pé orí èèyàn kò pé. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Àṣà mọ àṣẹ tí àgbà fẹnu pa lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe wíìlì.

Ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí, ni olóhun ti ń buwọ́ lù ú, níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti buwọ́ lù ú kí wọ́n tó dé, ó lè fi han àwọn méjèèjì pọ̀, kó ní ọwọ́ òun nìyí. Lẹ́yìn náà ni àwọn náà á buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ibi tó ti ń dàrú ni pé ẹlẹ́rìí kan wá láàárọ̀, èkejì dé ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́. Orúkọ méjì pé lórí bébà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì pàdé rí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kú ṣáájú ẹni tó ni ín.

Ojú ni òfin ń wò. Lọ́dún 1781, ooru lé obìnrin kan kúrò ní ọ́fíìsì lọ́yà rẹ̀ ní England lẹ́yìn tó buwọ́ lu tirẹ̀, ó sì lọ jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ níta. Ilé ẹjọ́ gba ìwé náà, torí ó lè rí àwọn ẹlẹ́rìí láti ojú fèrèsé.

Kò pọn dandan kí ẹlẹ́rìí ka ohun tó wà nínú ìwé. Àmọ́ ẹni tó máa jogún kò gbọdọ̀ jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀. Bí ó bá jẹ́rìí, ìwé kò bàjẹ́, ìpín tirẹ̀ ló wọmi. Akọ̀wé lọ́yà méjì wúlò níbẹ̀ ju mọ̀lẹ́bí mẹ́wàá lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́, ó sì yé e.

Ilé ẹbí tí kò tíì di pínpín kò ṣeé há fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣe wíìlì nìkan. Bí ó bá sì fi bírò fa orúkọ kan rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lù ú, tí orúkọ náà ṣì ṣeé kà, ìfàrẹ́ yẹn kò ṣiṣẹ́ àfi bí òun àti ẹlẹ́rìí méjì bá buwọ́ lù ú. Èyí tí kì í sábà sí lọ́kàn èèyàn ni ìgbéyàwó kóòtù: ó ń pa wíìlì tó ti wà tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í pa á rẹ́.

Nígbà tí kò bá sí ìwé, tó sì jẹ́ pé àṣà Yorùbá ló máa pín in, ìbéèrè ni: ìdí-igi ni (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan)? Suberu Dawodu kú l'Ékòó lọ́dún 1940, kò ṣe wíìlì, ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ gba orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà. Ẹjọ́ náà dé London, níbi tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, ìgbà tó sì di 1962, ìdí-igi ló borí: ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, iye ọmọ yòówù kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí.