Bí Àjọṣe Ìwádìí Ṣe Ń Sọ Ọ̀dọ́ Di Onímọ̀ Nípa Kíndìnrín, Ọ̀nà Ìtọ̀ àti Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀dọ́kùnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè dé ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ nítorí pé ó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bí dòjé a máa dí òpó ẹ̀jẹ̀ tíńtìntín inú kíndìnrín, wọ́n sì tún lè mú kí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ le fún ọ̀pọ̀ wákàtí pẹ̀lú ìrora. Dókítà ẹ̀jẹ̀, dókítà kíndìnrín àti oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ìdí nìyí tí NIDDK, ilé ìwádìí àtọ̀gbẹ àti àrùn kíndìnrín tó wà lábẹ́ àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, NIH, fi ṣe ètò tó kó ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Apá kan owó ètò náà wà fún ìgbọ́bùkátà àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí. Apá kejì wà fún ohun tí láàbù nìkan kò lè kọ́ wọn, bí ìbáraṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbòmíràn.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, yunifásítì ìṣègùn UNIMED wà ní ìlú Oǹdó, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ FUTA sì wà ní Àkúrẹ́. Bí irú àwọn yunifásítì bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣe irú àjọṣe ìwádìí yìí, ìṣòro tó tóbi jù ni kí gbogbo wọn wọn ohun kan náà lọ́nà kan náà. Creatinine, ìdọ̀tí láti ara iṣan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ni a fi ń ṣírò agbára tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Bí láàbù méjì bá wọ̀n ọ́n lọ́nà tó yàtọ̀, èsì wọn kò ṣeé dà pọ̀. Àyẹ̀wò kan kò sì tó, nítorí pé agbára náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ mílílítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kí àmì ìpalára mìíràn bíi purotéènì wà nínú ìtọ̀, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, kí a tó pè é ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹni tó ti Ìdànrè wá gbọ́dọ̀ padà wá, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń wádìí lára wọn ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwádìí náà, kí aláìsàn sì gbọ́ ohun gbogbo ní èdè tó yé e kó tó yọ̀ǹda. Firísà tó tutù dé -80°C ló ń pa ẹ̀jẹ̀ tí a gbà mọ́. Iná ọba kì í sì í dágbére kó tó lọ.

Àǹfààní iṣẹ́ àṣekára yìí hàn nínú ìwádìí H3Africa, àjọṣe ìwádìí nípa jíìnì àti ìlera ní Áfíríkà, ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin ti Yunifásítì Duke sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ó lé ní 8,000 ènìyàn tó kópa. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀dà méjì jíìnì APOL1 tó léwu ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní kó tó kó sínú ewu àrùn kíndìnrín. Ìwádìí yìí fi hàn pé ẹyọ kan pàápàá ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún bù kún ewu náà. Jíìnì kan náà ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àrùn oorun kan, a sì gbà pé ìyẹn ló fi wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀dà méjì ni kíndìnrín wọn kì í bàjẹ́ rárá, ohun tó fà á sì ni ìbéèrè tí àwọn olùṣèwádìí tuntun ń gbé lọ sí láàbù báyìí.